Ìfẹ́ Ọlọ́run Nínú Ìtàn Ilẹ̀ Òkun

Òkun o, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Òkun o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Bí a ti ń kí ara wa nìyẹn ní Kàbà àti ní gbogbo agbègbè rẹ̀, láti inú ìkíni yìí ni a sì ti mú orúkọ tí a fi ń pe gbogbo wa lápapọ̀, àwa Owé, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Ìkíni náà yẹ ẹni tí ó ń ti oko bọ̀, ó yẹ ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì yẹ ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Inú ilé ọ̀fọ̀ gan-an ni mo wà ní ọjọ́ tí ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ìwé wa yìí kọ́kọ́ wọ inú mi.

Ọmọ ọdún 9 ni mí nígbà náà. Ọmọbìnrin kékeré kan ní agbo ilé tí ó kángun sí tiwa ni ibà mú. Ọsibítù kékeré kan wà tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé kí omi tó hó lórí iná, ṣùgbọ́n aládùúrà kan lá àlá pé a kò gbọdọ̀ gbé ọmọ náà kọjá ìloro ilé fún ọjọ́ 3. Baba ọmọ náà jẹ́ onígbàgbọ́ tòótọ́, kò sì fẹ́ ṣe lòdì sí ohun tí ó gbà pé Ọlọ́run wí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta ọmọ náà kú. Nígbà tí àwọn ènìyàn péjọ, bí olúkúlùkù ti ń wọlé ni ó ń wí pé, "Ẹ gba kámú, ìfẹ́ Ọlọ́run ni." Gbogbo wọn wí i tán, ó wá kan Ìyé, ìyá tí ó bí baba mi. Ìyé kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jókòó ti ìyá ọmọ náà, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má di ẹrù yìí ru Ọlọ́run. Àwa ni a kò gbé ọmọ náà lọ."

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu. Inú bí baba mi sí Ìyé ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ọ̀fọ̀. Bóyá ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Nígbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí ka ìtàn ilẹ̀ wa, ìbéèrè Ìyé ni mo gbé lọ́wọ́ lọ sí ibi ìkàwé: èwo nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa ni a lè pè ní ìfẹ́ Ọlọ́run, èwo ni iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, báwo sì ni ẹni tí ó ń jí lójoojúmọ́ láti lọ sí oko, sí ọjà tàbí sí kíláàsì ṣe lè mọ ìyàtọ̀?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí a ti ń lo gbólóhùn náà. Ọ̀nà méjì ni a ń gbà lò ó. Ọ̀nà kìn-ín-ní, a ń lò ó fún ohun tí ó ti kọjá: òjò kò rọ̀, ọkọ̀ dojú dé, ọmọ kú, a ní ìfẹ́ Ọlọ́run ni. Ọ̀nà kejì, a ń lò ó fún ohun tí ó ń bọ̀: a ń bèèrè ohun tí Ọlọ́run fẹ́ kí a ṣe ní ọ̀la. Ti ìṣáájú máa ń tu ènìyàn nínú. Ti ìkẹyìn máa ń ran ènìyàn ní iṣẹ́. Ewu ibẹ̀ ni pé ti ìṣáájú rọrùn ju ti ìkẹyìn lọ, kò sì pẹ́ tí ìtùnú fi ń di àwáwí.

Kí ìgbàgbọ́ tó dé, àwọn baba wa kì í ṣe aláìbèèrè. Wọ́n ní Ifá, wọ́n sì ní ẹbọra tí ń gbé inú òkè àti inú omi. Ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ ìyàwó, kì í sì í rin ọ̀nà jíjìn, láì kọ́kọ́ tọ babaláwo lọ. Nígbà tí a di onígbàgbọ́, ìbéèrè náà kò kú. Ibi tí a ti ń bèèrè ni ó yí padà. Àwọn kan ń wá ìdáhùn nínú àlá, àwọn kan lẹ́nu wòlíì. Àwọn mìíràn a dijú, wọn a ṣí Bíbélì gbàgà, wọn a fi ìka lé orí ìlà kan, wọn a ní Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀. Wọ́n ti sọ Bíbélì di ọ̀pẹ̀lẹ̀, wọn kò sì kọ́ ẹ̀kọ́ ọdún gbọọrọ tí babaláwo kọ́ kí ó tó dá ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀. N kò fi èyí ṣe ẹlẹ́yà, nítorí èmi pẹ̀lú ti ṣe é rí. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí n yan ẹ̀kọ́ tí n óò kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, mo dijú, mo ṣí Bíbélì, mo fi ìka lé e. Ìlà orúkọ àwọn baba ńlá àwọn Júù ni ìka mi bọ́ sí. Mo pa ìwé náà dé, mo lọ bèèrè lọ́wọ́ olùkọ́ mi.

Ìtàn ni mo yàn, ìtàn náà ni ó sì mú mi dé ibi ogun Tápà. Ẹni tí a bá bí ní ilẹ̀ Òkun kò lè ṣàì gbọ́ nípa ogun náà. Ní ọ̀rúndún tí ó kọjá ṣáájú èyí tí a bí àwọn òbí wa sí, àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà ń ti ìhà Odò Ọya wá sí ilẹ̀ wa. Ní ayé Masaba ọba Tápà, tí ó kú ní ọdún 1873, àti ní ayé àwọn tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀, ìsákọ́lẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ìlú wa. Bí owó bá tán, ènìyàn ni a ń kó sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú sá gun orí òkè, wọ́n fi oko ọlọ́ràá sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Tápà wà ní Kàbà títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897, nígbà tí George Goldie kó àwọn sójà Royal Niger Company láti Lọ́kọ́ja wá. Kí àwọn sójà náà tó dé Kàbà, àwọn Tápà ti ṣí kúrò níbẹ̀. Ní ọjọ́ 26 àti 27 oṣù náà ni Bidá fúnra rẹ̀ ṣubú.

Àwọn tí a kó lọ ńkọ́? Ìwé kan wà tí ó jẹ́rìí sí wọn. Ní ọdún 1854 ni àlùfáà ará Jámánì kan, Sigismund Koelle, tẹ ìwé tí ó pè ní Polyglotta Africana jáde. Ìlú Freetown ní Sàró ni ó ti kó ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jọ, láti ẹnu àwọn ẹrú tí ọkọ̀ ogun òyìnbó gbà sílẹ̀ lórí òkun. Ó to èdè àwọn ará wa tí wọ́n ń pè ní Akú ní Sàró sí ọ̀nà 12: Ọ̀tà, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀, Oǹdó àti àwọn yòókù. Nínú àwọn 12 náà, 4 jẹ́ tiwa: Yàgbà, Ẹ̀kì tí í ṣe Bùnú, Ìjùmú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Nígbà tí mo rí i, mo dá ọwọ́ ìwé dúró. Bí mo ti ń ka orúkọ nǹkan inú ilé àti ẹ̀yà ara ènìyàn bí wọ́n ti ń pè wọ́n ní ilẹ̀ wa, mo mọ̀ pé ẹnu ẹni tí a já gbà kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti jáde.

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbọ́ tí oníwàásù kan ní, ìfẹ́ Ọlọ́run ni pé kí wọ́n kó àwọn baba wa lẹ́rú, nítorí bí a kò bá kó wọn lọ sí Sàró, ìhìnrere kì bá tí dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ènìyàn ṣe àmín. Èmi kò lè ṣe é. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni ajínigbé, ó sì yẹ kí a dá owó jọ fún un. Ìtàn Jósẹ́fù tí wọ́n sábà máa ń fi ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn kò sọ bẹ́ẹ̀. Jósẹ́fù gbà pé Ọlọ́run mú ire jáde láti inú ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ojú wọn kòròkòrò ni ó ti sọ fún wọn pé ibi ni wọ́n rò sí òun. Pé Ọlọ́run lè gbin iṣu sí ààtàn kò sọ ààtàn di ilé ìdáná.

Ẹni tí ó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yìí dáadáa jùlọ ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ James Thomas. Ní nǹkan bí ọdún 1832 ni wọ́n jí i gbé ní Ikudon, ní apá ìlà-oòrùn àríwá ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí kò jìnnà sí ìdàpọ̀ Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè. Wọ́n tà á. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀. Ó di ará Freetown, ó sì di onígbàgbọ́ níbẹ̀. Ní ọdún 1857, nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther, tí a kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, ń wá àwọn tí yóò bá a ṣiṣẹ́ lórí Odò Ọya, Thomas yọ̀ǹda ara rẹ̀. Láti ọdún 1858 ni ó ti wà ní Gbebe, ìlú ọjà ńlá tí ó wà ní ìdàpọ̀ odò méjèèjì. Nígbà tí ogun abẹ́lé pa Gbebe run ní ọdún 1866, iṣẹ́ náà ṣí lọ sí Lọ́kọ́ja, ibẹ̀ ni ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di ọdún 1879.

Ẹ wo ọkùnrin yìí dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé irú ìfẹ́ Ọlọ́run tí à ń fi tu ara wa nínú ni ó mọ̀, ì bá jókòó sí Freetown. Ó ti bọ́ lóko ẹrú, ó lè wí pé, "Ọlọ́run ni ó mú mi wá síbí, ibí náà ni n óò kú sí." Kò sí ẹni tí ì bá dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀la ni ó kọ sí. Ìbéèrè tirẹ̀ kì í ṣe "Èéṣe tí wọ́n fi jí mi gbé?" Ohun tí ó ṣe fi hàn pé ìbéèrè mìíràn ni: "Nígbà tí mo ti rí ohun tí mo rí, kí ni ó kù fún mi láti ṣe?" Ó padà sí etí ilẹ̀ tí wọ́n ti jí i gbé, nígbà tí ogun Tápà kò tíì parí rárá, tí a ṣì ń ta ènìyàn lẹ́bàá odò.

Kí ni ó sì bá níbẹ̀? Kò bá iṣẹ́ ìyanu. Ẹgbẹ́ C.M.S. a máa béèrè pé kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn kọ ìwé ìròyìn iṣẹ́ wọn láti ọjọ́ dé ọjọ́. Thomas pẹ̀lú kọ tirẹ̀, Fẹ́mi Kọlápọ̀ onímọ̀ ìtàn sì tẹ ti ọdún 1858 sí 1859 jáde ní ọdún 2000. Ìwé iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni: ẹni tí ó gbọ́ àti ẹni tí kò gbọ́, ọjọ́ tí ó dára àti ọjọ́ tí kò dára. Nígbà tí Crowther ṣe ìrìbọmi kìn-ín-ní ní Gbebe ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1862, àgbà 8 àti ọmọ-ọwọ́ 1 ni wọ́n rì bọ omi. Ẹ̀kọ́ ọdún 4, ènìyàn 9! Ẹni tí ó bá ń fi èrè tètè díwọ̀n ìfẹ́ Ọlọ́run ì bá ti di ẹrù rẹ̀ padà sí Sàró. Thomas kò padà.

N óò tún sọ ìtàn ibà, nítorí ibà ni ó pa ọmọ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Ní ọdún 1841 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ 3 gba Odò Ọya wá dé ìdàpọ̀ odò, ní ẹnu ọ̀nà ilẹ̀ wa gan-an. Wọ́n fẹ́ fi òpin sí òwò ẹrú, wọ́n fẹ́ dá oko, wọ́n sì fẹ́ kí a wàásù. Èrò rere ni. Àwọn ènìyàn gbàdúrà fún ìrìn-àjò náà ní ṣọ́ọ̀ṣì lóríṣiríṣi. Crowther wà nínú ọkọ̀ náà. Ibà kọlù wọ́n, ó mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn òyìnbó náà, ó sì pa bí 40 nínú wọn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rọrùn nígbà náà láti wí pé Ọlọ́run kò fẹ́ ìrìn-àjò náà.

Ní ọdún 1854, ọkọ̀ mìíràn tí ń jẹ́ Pleiad tún gba ojú odò kan náà. Dókítà William Baikie ni olórí rẹ̀, Crowther sì tún wà níbẹ̀. Baikie mú kí àwọn ènìyàn rẹ̀ máa lo kuníìnì lójoojúmọ́, egbòogi kíkorò tí a ń rí láti ara èèpo igi kan. Wọ́n lo oṣù mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí omi, wọ́n kọjá ìdàpọ̀, wọ́n gun Bẹ́núè lọ; kò sí ẹyọ ẹnì kan tí ó kú nínú wọn. Odò kan náà ni, ẹ̀fọn kan náà ni, Ọlọ́run kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ènìyàn ti kọ́ ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Baikie gan-an kò tíì mọ̀ pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri; ọdún 1897, ọdún tí Bidá ṣubú, ni Ronald Ross ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn ní Íńdíà. Láti ìgbà tí mo ti ka èyí ni mo ti ń bẹ̀rù láti pe àìmọ̀ wa ní ìfẹ́ Ọlọ́run.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìtara nìkan tó. Ní ọdún 1893, ọ̀dọ́mọkùnrin 3 gúnlẹ̀ sí Èkó: Walter Gowans, Thomas Kent àti Rowland Bingham. Ó dá wọn lójú pé Ọlọ́run ń rán wọn sí ìhà òkè ilẹ̀ yìí. Àwọn tí ó ti pẹ́ níbí kìlọ̀ fún wọn. Bingham dúró ní Èkó, Gowans àti Kent sì mú ọ̀nà pọ̀n. Kí ọdún 1894 tó parí, àwọn méjèèjì ti kú, Gowans ní Girku ní ìhà Sààríà, Kent ní Bidá. Bingham padà sí ilé rẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ṣé ìfẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n ṣe, tàbí àìgbọ́ràn sí àgbà ni ó pa wọ́n? Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn jiyàn lórí rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ohun tí mo rí nínú ìtàn ni èyí: Bingham kò sọ ikú wọn di ẹ̀rí pé Ọlọ́run kọ iṣẹ́ náà, kò sì sọ ìtara di ọgbọ́n. Ó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1898. Ó tún gbìyànjú ní ọdún 1900, àìsàn dá a padà. Àwọn tí wọ́n tún rán lẹ́yìn èyí ni wọ́n fìdí múlẹ̀ ní Pátígi ní ọdún 1902. Ọdún 1908 ni ẹgbẹ́ wọn, tí a mọ̀ sí S.I.M., rán Tommie Titcombe wá sí Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà.

Ní Ẹ̀gbẹ̀ ni ìtàn mi ti dé ibi tí ó le jù. Ní ayé àtijọ́, ní ibẹ̀ àti ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn ní ilẹ̀ Yorùbá, a kì í jẹ́ kí ìbejì yè. Ìtàn tí a kọ nípa Titcombe àti Ethel ìyàwó rẹ̀ sọ bí wọ́n ti gba àwọn ìbejì àti ìyá wọn là, títí ìlú fi rí i pé àwọn ọmọ náà ń dàgbà, tí ilé kò jó, tí òjò kò sì dá. Lẹ́yìn náà àṣà náà kú. Ohun tí ó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn àgbà tí wọ́n ń ṣe é tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ìkà. Wọ́n ti bèèrè, wọ́n gbà pé a ti dá àwọn lóhùn, wọ́n sì ṣe ìgbọ́ràn pẹ̀lú omijé. Wọ́n bèèrè tọkàntọkàn, síbẹ̀ wọ́n ṣì í. Nítorí náà, bíbéèrè nìkan kò tó, àti pé ọkàn ẹni mọ́ kò tó. Baba ọmọ tí ibà pa ní àdúgbò wa pẹ̀lú bèèrè tọkàntọkàn.

Kí àwọn tí ó mú ìhìnrere wá má sì rẹ́rìn-ín sí wa, nítorí àwọn pẹ̀lú ṣi ìfẹ́ Ọlọ́run mú. Ọ̀pọ̀ míṣọ́nnárì ni ó ka ìlù wa, orúkọ wa àti aṣọ wa sí ohun tí Ọlọ́run kórìíra, nígbà tí ó jẹ́ pé àṣà ilé baba tiwọn ni wọ́n ń gbèjà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó gbà kí àwọn ọmọ ìjọ tó lè sọ fún wọn pé a lè lu ìlù fún Ọlọ́run. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń fi orúkọ Ọlọ́run sọ ohun tí ó wu òun fúnra rẹ̀, funfun ni tàbí dúdú, àṣìṣe kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe.

Kí wá ni a ó fi mọ̀ ọ́n? Mo ti gbé ìtàn wọ̀nyí wò síwá sẹ́yìn, mo sì rí ohun mẹ́ta tí àwọn tí ọwọ́ wọn mú ire wá fi jọra. Èkíní, iṣẹ́ tí ó wà níwájú wọn ni wọ́n dì mú. Thomas kò dúró de ohùn láti ọ̀run nígbà tí ọmọ tí ó yẹ kí a kọ́ ní ìwé wà ní ẹnu ọ̀nà. Èkejì, wọn kò kọ ìmọ̀ àti ìmọ̀ràn. Kuníìnì korò ju àlá rere lọ, ṣùgbọ́n kuníìnì ni ó gba ẹ̀mí là. Ọsibítù tí àwọn S.I.M. dá sílẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀ ní ọdún 1952 kò ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Àdúrà àti abẹ́rẹ́ jọ ń gbé ibẹ̀ ni. Ẹ̀kẹta, tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n wo ẹni tí ìyà ọ̀rọ̀ náà yóò jẹ. Bí ohun tí a pè ní ìfẹ́ Ọlọ́run bá ń di ẹrù lé aláìlágbára lórí, tí ó sì ń sọ ẹrù ẹni tí ó lágbára di fífúyẹ́, ó yẹ kí a tún un bèèrè.

Èdè wa fúnra rẹ̀ ti sọ èyí fún wa, etí wa ni kò gbọ́. Nígbà tí Crowther àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, iṣẹ́ tí a parí ní ọdún 1884, wọ́n ní láti wá ọ̀rọ̀ kan fún ohun tí Ọlọ́run ń fẹ́ kí a ṣe. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan fún èyí, wọ́n sì ní òmíràn fún ohun tí ìyá ní sí ọmọ rẹ̀. Nínú Bíbélì Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó dúró fún méjèèjì: ìfẹ́. Ẹni tí ó bá gba àdúrà tí Jésù kọ́ wa ní èdè Yorùbá ń tọrọ pé kí ìfẹ́ Ọlọ́run di ṣíṣe ní ayé, kò sì sí bí ó ti lè pè é tí àwọn ìtumọ̀ méjèèjì kò ní jọ jáde lẹ́nu rẹ̀. N kò mọ ibi tí ènìyàn ti lè rí òṣùwọ̀n tí ó dára ju èyí lọ. Ohun tí ìfẹ́ kò bá sí nínú rẹ̀, ẹ má pè é ní ìfẹ́ Ọlọ́run.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa tí ó ń ka ìwé yìí ni ó ní ìbéèrè tirẹ̀ lọ́wọ́: iṣẹ́ tí òun yóò ṣe, ẹni tí òun yóò fẹ́, bóyá kí òun lọ sí òkè òkun tàbí kí òun padà sí ilé. N kò lè dáhùn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń bẹ̀ wá pé kí a má ṣe tìtorí pé à ń dúró de ọ̀rọ̀ ọ̀la, kí a gbàgbé ti òní tí ó ti hàn kedere: ìwé tí a ó kà, gbèsè tí a ó san, òbí tí a ó kọ̀wé sí, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ní yàrá kejì.

Ìyé ti lọ sinmi. Ní ti baba ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, òun àti Ìyé kò jọ sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ó ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, n kò sì gbọ́ kí ó sọ̀rọ̀ ikú ọmọ rẹ̀ rí, bóyá ìfẹ́ Ọlọ́run ni tàbí kì í ṣe ìfẹ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n láti ọdún náà, kò sí ọmọ kan ní àdúgbò wa tí ara rẹ̀ gbóná ní òru tí ọkùnrin náà gbọ́, tí kò dìde. A máa gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde, a máa kan ilẹ̀kùn, a ní, "Òkun o. Ẹ gbé ọmọ náà wá, ẹ jẹ́ kí á lọ." Ní òru ọjọ́ kan tí ó gbé àbúrò mi obìnrin lọ bẹ́ẹ̀, Ìyé dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àtùpà títí iná ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà fi wọ inú òkùnkùn. Ó yíjú sí baba mi, ó ní, "Ìwọ náà rí i bí?"